Nítoríkíni àti Ẹ̀yìn Ìyá Aránṣọ

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ àbúrò mi ọkùnrin yìí, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Etí mi ló gbọ́ igbe rẹ̀, igbe náà kò sì jọ igbe rárá, ìbéèrè ni. Díẹ̀ ló kù kí agbẹ̀bí dá a lóhùn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bi mí pé nítorí kí ni ìṣó fi máa ń gbóná tí mo bá fà á yọ lára pákó. Mo ti ń fa ìṣó láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú, n kò bi ara mi rí. Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ ní Nítoríkíni, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Nọ́ọ̀sì ni lónìí, ó ti lo ọdún méjìlá ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn kán. Tí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù, ẹ wo àpò àyà rẹ̀: bírò mẹ́ta, àti ìwé pélébé kan tó fi òwú so mọ́ bọ́tìnì kó má baà sọnù. Ohunkóhun tí kò bá yé e, ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Èmi ni mo ti ń kan àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn fún ilé ìwòsàn náà láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí igun tí n kò mọ̀ níbẹ̀. Dókítà àgbà pàápàá, ọwọ́ mi ló ti ń béèrè ọ̀nà.

Wọ́ọ̀dù náà ní àṣà kan. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ké fín-ín fín-ín, tí ìgò sípíríìtì àti agolo pọ́dà wà lórí rẹ̀. Á máa lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Á yí àwọn tí kò lè dá yí, á da sípíríìtì sọ́wọ́, á sì máa ra ẹ̀yìn wọn kíkankíkan, pàápàá ibi tí egungun ti yọ, kí bẹ́ẹ̀dì má baà dá egbò sí wọn lára. Ọwọ́ obìnrin náà le bí ọwọ́ káfíńtà. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi tí mo mọ ọwọ́ ló ń sọ ọ́. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn mìíràn ti ń yọ ẹ̀yìn sílẹ̀ dè é láti aago mẹ́sàn-án.

Ìyá kan tó ń ránṣọ wà ní bẹ́ẹ̀dì karùn-ún, egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Lọ́jọ́ Ajé kan, Nítoríkíni rí àmì kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kò tóbi ju bọ́tìnì kóòtù lọ. Ó dúdú ju ara yòókù lọ, ó gbóná, ó sì le lábẹ́ ìka. Nítoríkíni yẹ ìwé pélébé rẹ̀ wò. Ẹni mẹ́ta ló ti ní irú àmì yẹn rí, ibi tí wọ́n sì ra jù lọ gan-an ló di egbò. Egbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣeré, ó lè dá èèyàn dúró sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Mátíróònù ti da sípíríìtì sọ́wọ́ nígbà tí Nítoríkíni sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ríra yìí ń ṣe ibẹ̀ lóore, àbí ó ń bà á jẹ́ sí i?"

Mátíróònù wò ó láti orí dé bàtà.

"Ọdún mélòó lo ti ṣe níṣẹ́ yìí?"

"Méjìlá, mà."

"Ikun ṣì ń dà nímú ẹ nígbà tí mo ti ń ra ẹ̀yìn."

"Ẹ má bínú, mà. Ìbéèrè lásán ni."

"Ìbéèrè lásán kọ́. Ó dáa. Mi ò ní fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìyá yìí títí di ọjọ́ Ẹtì, máa tọ́jú ẹ̀ bó o ṣe fẹ́. Tó bá dìpàdé ọjọ́ Ẹtì, mú ẹ̀rí wá, lórí ìwé o, kì í ṣe 'wọ́n ní, wọ́n pé.' Tó ò bá rí i, màá máa ra ẹ̀yìn mi lọ, ìwọ á sì lọ jókòó sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè dáadáa: 'Kí lorúkọ yín? Ọmọ ọdún mélòó ni yín?'"

Ìyá aránṣọ dá sí i látorí bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yìn mi lẹ wá fi ń ta tẹ́tẹ́ báyìí!"

Láti ìgbà náà, wákàtí méjì méjì ni Nítoríkíni ń yí ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń fi ìrọ̀rí gbé e kí ibi tó dúdú má baà kan bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti ráyè, ilé ìkàwé tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ló ń sá lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà níbẹ̀, mò ń tún pákó tí wọ́n ń to ìwé sí ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kan pákó ọ̀hún, oṣù mẹ́ta ni mo fi ka gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀ tán, ti iwájú ti ẹ̀yìn, mo sì tún èyí tí wọ́n kọ dànù ṣe fún wọn. Olùtọ́jú ìwé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wá awò ojú rẹ̀ nígbà tó bá wà lójú rẹ̀, béèrè ohun tí ọmọ mi fẹ́.

"Ìtọ́jú ẹ̀yìn," ló sọ.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé ìwádìí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé tú jáde. Ẹ̀yìn awakọ̀, ẹ̀yìn aboyún, ẹ̀yìn ọmọ iléèwé tó ń gbé báàgì, àní ẹ̀yìn ẹṣin. Nítoríkíni mú ogójì nínú wọn. Ó kà á nídìí oúnjẹ, ó kà á lórí ìdúró, títí di Ọjọ́rú. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì rí ẹyọ kan tó lè gbé síwájú Mátíróònù.

"Bàbá," ó sọ fún mi, "ó jọ pé ìdí fèrèsé ló kàn."

Mo gbé òòlù sílẹ̀. "Ọmọ mi, tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ní, 'Ẹ kan nǹkan fún mi,' ṣé màá fọwọ́ kan ayùn?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ni màá bi í?"

"Ta ló máa lò ó."

"Ìyẹn ọ̀kan. Kí ló fẹ́ kí n kàn gan-an? Dípò kí ni? Kí ló sì fẹ́ kó ṣe fóun, ṣé kó sùn lórí ẹ̀ ni àbí kó jẹun? Tí mo bá gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán ni mo tó ń wọn pákó. Ìwọ kàn wọ ọjà pákó, ò ń pariwo 'Pákó o! Pákó o!'"

Olùtọ́jú ìwé wá awò rẹ̀, ó bá a lórí imú. "Bàbá, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé nọ́ọ̀sì gan-an lẹ sọ yìí."

"Á jẹ́ pé wọ́n ti jí i lọ́wọ́ mi," mo dá a lóhùn.

Nítoríkíni fọwọ́ gbá orí. "Wọ́n kọ́ wa! Ìbẹ̀rù Mátíróònù ló gbá a lọ lórí mi."

Ó ṣí ìwé pélébé, ó sì kọ ọ́, ojú mi ló ṣe: "Àwọn tó dùbúlẹ̀ nítorí egungun tó kán, tí ara wọn ti ń yí àwọ̀: ṣé ká máa ra ibẹ̀ ni, àbí ká máa yí wọn ká sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, èwo ni kì í jẹ́ kí egbò dé?" Wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin di mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ti kà wọ́n tán, mẹ́ta ló kan ọ̀rọ̀ náà gan-an.

"Fi òdo kan sí i," mo gbà á níyànjú, "kó di ọgbọ̀n. Ta ló máa kà á?"

"Bàbá! Mẹ́ta ni mo rí, mẹ́ta ni màá sọ."

Ibẹ̀ ni kò ti jọ mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo rántí pé ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé ń ké, mo gbé òróró, ó di ibẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ti jókòó. Nítoríkíni dìde.

"Mà, ẹ̀rí tí mo rí ò pọ̀. Àwọn kan ṣa gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tó wà jọ, wọn ò rí ìwádìí tó dájú pé ríra ń dènà egbò. Ìwádìí kékeré kan láyé àtijọ́ rí i pé ibi tí wọ́n ra ń bàjẹ́ sí i nísàlẹ̀ awọ. Ìlànà àwọn àgbà iṣẹ́ sì ní ká má fi agbára ra ibi tó ti ń yí àwọ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti parí síbẹ̀. Àmọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ní ká máa ra á."

Mátíróònù gba ìwé náà. Ó kà á, ó ṣí i síwájú, ó tún ṣí i padà. Ibì kan náà ni mo fi òróró sí lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Ká ní o sọ fún mi pé ẹ̀rí kún apẹ̀rẹ̀ ni," ó sọ níkẹyìn, "ìdí fèrèsé ni ò bá wà báyìí. Èmi náà lọ bá olùtọ́jú ìwé láàárọ̀ yìí. Mẹ́ta yìí náà ló kó fún mi."

Mo tún fi òróró sí i lẹ́ẹ̀kẹfà. Òdo tí mo ní kó fi sí i lánàá!

Mátíróònù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kí lọwọ́ mi á wá máa ṣe láago mẹ́wàá?"

"Á máa yí wọn, mà," Nítoríkíni dáhùn. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tí ìbàdí ẹ̀ kán láìjẹ́ kó ké, bíi tiyín? Á sì máa bá wa wá àmì."

Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn lọ sí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Èmi dúró sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Mátíróònù fẹ̀sọ̀ yí ìyá náà, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ibẹ̀, ó tún kàn án.

"Kò gbóná mọ́. Ó ti rọ̀. Bọ́tìnì kóòtù ti di bọ́tìnì ẹ̀wù ìkókó." Ó bo ìyá náà. "Nọ́ọ̀sì, o ò kúrò ní wọ́ọ̀dù yìí."

Láago mẹ́wàá, kẹ̀kẹ́ jáde, fín-ín fín-ín. Ìrọ̀rí ló kún orí rẹ̀. Ariwo sọ láàárín àwọn aláìsàn: "Sípíríìtì wa dà?"

"Ẹ̀yìn tèmi nìkan lẹ wá torí ẹ̀ fìyà jẹ gbogbo ilé?" ni ìyá aránṣọ wí. "Ẹ kúkú bá mi ra èjìká. Èjìká mi ò bá ẹnì kankan jà."

Mátíróònù rẹ́rìn-ín. Kó tó yíjú, Nítoríkíni ti ṣí ìwé pélébé. "Mà, àwọn tó dùbúlẹ̀, tí a bá ra èjìká wọn dípò..."

"Dákẹ́ síbẹ̀!" Mátíróònù na ọwọ́, ó sì yọ bírò kan lápò àyà ọmọ mi. "Èmi ni màá kọ èyí."

Bírò méjì ló kù lápò Nítoríkíni títí dòní.