Dákẹ́dákẹ́ Tó Ń Fọwọ́ Kanlẹ̀ Kó Tó Ju Bọ́ọ̀lù

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó jà mí níyàn: ní gbogbo Kumasi lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó lè lu bọ́ọ̀lù báskẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kó sì máa sáré bíi tèmi. Mo kúrú, òótọ́ ni. Àwọn yòókù ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ wò mí, mo ti gba abẹ́ apá wọn kọjá. Ìwé ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n kọ mí sí ní sùkúù tẹ́kíníkà wa, ṣùgbọ́n pápá báskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe lẹ́yìn kíláàsì ló gbé mi lọ síbẹ̀. Tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ nípa igi, ojú fèrèsé ni mo máa ń wò.

Àdúgbò Asawase là ń gbé. Bàbá mi, áfáà ni, ará Ìlọrin, inú àgbàlá wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ìyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń pè mí ní Mallam Ketewa, Mallam Kékeré, ní Twi. Kò dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ni Alatani, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, pàápàá tí wọ́n bá fi imú pè é. Kápítẹ́ẹ̀nì wa kì í fi nǹkan mìíràn pè é ju imú lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lára àwọn ará Ghana tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, tó jókòó sórí ẹrù nínú lọ́rì títí dé Kumasi. Ojú tó fi ń wò mí, àfi bíi pé èmi ni mo wa lọ́rì yẹn.

Tó bá ti di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn díje, Sátidé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí á fi ku méjì tó máa fà á fún ife ẹ̀yẹ. Àwa àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lórí òkè ló máa ń kù. Àwọn ló sì máa ń gbé ife lọ. Wọn ò kúkú dára jù wá lọ, àfi níbì kan: wọ́n ní kápítẹ́ẹ̀nì kan tó ga, tó gbẹ, tí kì í la ẹnu bá ẹnikẹ́ni lórí pápá. Dákẹ́dákẹ́ la sọ ọ́.

Ṣé ẹ mọ fírítírò? Tí ẹnì kan bá gbá ẹ lọ́wọ́ níbi tó o ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, réfírì á ní kó o wá jù ú lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wàá dúró lójú ìlà, àwọn tó kù á tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ẹ lọ́wọ́. Ó jọ nǹkan ìrọ̀rùn, àbí? Kò rọrùn. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àwọn èèyàn á máa bú ìyá ẹ láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Ṣùgbọ́n Dákẹ́dákẹ́ kì í tàsé. Tó bá ti dé ojú ìlà, á bẹ̀rẹ̀ kíá, á fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, á fi kan àyà, ètè ẹ̀ á mì díẹ̀, bọ́ọ̀lù ti wọlé nìyẹn.

"Ɛyɛ aduro!" ni àwọn tiwa máa ń pariwo. Oògùn ni! Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni ìbá tún jẹ́?

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a pàdé lọ́dún yẹn, ojú ìlà yẹn náà ló ti nà wá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Mo na ọrùn bí àgùntàn kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ariwo ò jẹ́. Látọjọ́ yẹn ni nǹkan ọ̀hún ti ń yún mi. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, mi ò lè rí àpótí títì kí n má mì ín wò.

Nígbà tá a ń bọ́ bàtà, kápítẹ́ẹ̀nì wa yíjú sí mi. "Mallam Ketewa, ṣé mallam kọ́ ni bàbá ẹ? Ìwọ ló yẹ kó o mọ irú aduro tí ọmọ yẹn ń lò."

"Bàbá mi kì í ṣe oògùn. Kùránì ló ń kọ́ni."

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, gbogbo Alatani ló mọ oògùn."

Wọ́n fẹ̀rín sí i. Inú bí mi débi pé ẹnu mi ṣáájú ọpọlọ mi. Mo ní, "Ẹ fún mi di Jímọ̀ tó ṣáájú fáínà. Ohun tó ń sọ, ohun tó ń lò, wallahi, màá mú un wá bá yín."

"Tó ò bá mú un wá ńkọ́?"

"Ẹ gbé mi jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ fáínà."

Ó ju ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́ o!"

Ẹ wo bí mo ṣe fi ara mi sínú ẹ̀. Èmi, lórí bẹ́ńṣì, lọ́jọ́ fáínà, kí n máa di omi mú fún àwọn tí mo sàn jù! Oorun kò kùn mí mọ́.

Mo ti gbọ́ pé Dákẹ́dákẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè lópin ọ̀sẹ̀. Mo lọ dúró ní Asafo, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀. Èmi tí mi ò lè dúró gba ẹ̀kọ mímu, mo dúró títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí. Nígbà tó bọ́ọ́lẹ̀, ó gbé àpò kékeré kọ́ èjìká, ó sì gba ọ̀nà Fante New Town. Mo tẹ̀ lé e. Lọ́kàn mi, ilé onísègùn ló ń lọ.

Ó wọ ilé kan tí yàrá yí àgbàlá ká. Ó yẹ kí n yọjú wò láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àìnísùúrù mi ò gbà, mo kàn rọ́ wọlé bí ẹni tó wá bẹ omi. Ìyá arúgbó kan wà lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà sínú igbá. Dákẹ́dákẹ́ dé iwájú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kíá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, ó fi kan àyà. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀ o."

Ẹ káàárọ̀! Oòrùn ti fẹ́ máa wọ̀! Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé o jí ire?"

Mo dúró sí ojú kan, ẹnu mi là sílẹ̀. Yorùbá. Yorùbá geere, tó tiẹ̀ mọ́ ju tèmi tí mo fi Twi àti Hausa lú lọ. Ọmọ tá a mọ̀ sí Asante tòótọ́ tòótọ́, tó ń jẹ́ orúkọ Asante! Ẹ má sì rò pé òmùgọ̀ ni mí tí mi ò fi mọ ohun tí mò ń wò. Ní ilé tiwa, wọn kì í dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ní Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún, lílóṣòó la máa ń lóṣòó kí i. Ibo ni n bá ti mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó ń kánjú nìyẹn?

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Dákẹ́dákẹ́ yíjú padà. Ojú ẹ̀ ràn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ìwọ! O tẹ̀ lé mi?"

"Ta nìyí?" ìyá náà bi í.

Èmi ni mo dáhùn. "Ará Asawase ni mí, mà. Ọmọ áfáà ará Ìlọrin. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

"Háà, ọmọ wa ni! Sún mọ́bí. Àwọn wo ló ní ọ ní Ìlọrin?"

Ìyá yẹn ò bèèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò máa lọ, tí àwọn ará ilé ẹ̀ ń di ẹrù, ọmọ ẹ̀ obìnrin, ìyá Dákẹ́dákẹ́, ti fẹ́ ọkọ Asante, ọkọ náà sì ní ìyá ìyàwó òun ò ní í lọ síbì kankan. Ó fún gbogbo wọn lórúkọ ẹbí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ nìyẹn.

Mo bi Dákẹ́dákẹ́, "Ẹ káàárọ̀ lò ń sọ lórí pápá?"

"Òun ni."

"Ní ìrọ̀lẹ́?"

Ó tijú. "Ìyá àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ kí kí n tó ṣe nǹkan kan láàárọ̀ láti kékeré. Tí mo bá ti kí i tán, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n mọ́."

Nígbà tó ń sìn mí jáde, ó dá mi dúró lójú pópó. "Ẹ̀gbọ́n kápítẹ́ẹ̀nì yín nìkan kọ́ ni wọ́n lé ní Èkó o. Irú wọn kún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Tí wọ́n bá gbọ́ ibi tí mo ti wá, ta ló máa pè mí ní kápítẹ́ẹ̀nì?"

Mi ò ṣèlérí. Mo jẹ ẹ̀pà mi lọ sílé.

Jímọ̀ pé. Wọ́n ká mi mọ́ ẹ̀yìn pápá, kápítẹ́ẹ̀nì wa ní kí n sọ ọ́. Wallahi, mo ti la ẹnu. Ó wà ní góńgó ahọ́n mi. Ó wá ní, "Alatani, ṣé bẹ́ńṣì ni àbí kí ni?" Ó fi imú pè é. Lójú ẹsẹ̀ náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní í fún imú yẹn ní ẹlòmíràn tí á máa pè.

Mo ní, "Oògùn ojú ni. Ojú ló ń jẹ. Bí ẹ ṣe máa ń tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀ yẹn, oúnjẹ lẹ̀ ń fún un. Ẹni kankan ò gbọdọ̀ wò ó. Àwa tá a wà lórí pápá, àwọ̀n ni ká máa wò. Àwọn tó wà lẹ́yìn àwọ̀n, kí wọ́n kẹ̀yìn sí i."

"Ìyẹn nìkan?"

"Tó o bá fẹ́ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ ra ewúrẹ́ dúdú wá."

Ó rò ó. Ó mi orí, ó gbà. Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ bẹ́ńṣì nìyẹn.

Lọ́jọ́ fáínà, ẹ̀yin ì bá rí mi. Mo ṣe wọ́n bí mo ṣe fẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí réfírì fẹ́ fọn fèrè àfọnkẹ́yìn, ọ̀kan péré la fi ń ṣáájú. Ọmọ wa kan tó ga ju làákàyè ẹ̀ lọ wá gbá Dákẹ́dákẹ́ lọ́wọ́. Fírítírò méjì. Tí méjèèjì bá wọlé, ife ti lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀. Gbogbo àwọn tiwa gbójú sókè wo àwọ̀n bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Lẹ́yìn àwọ̀n, gbogbo sùkúù wa yí ẹ̀yìn padà, ọkùnrin, obìnrin, títí kan tíṣà káfíńtà. Ariwo dákẹ́ pẹ̀ẹ́. Ó jù ú. Ó wọlé. A di ọgbọọgba.

Ó ju ìkejì. Irin ló bà.

Ojú wa ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn làwọn tiwọn ò ní. Kápítẹ́ẹ̀nì wa fò, ó já a gbà, ó sọ ọ́ sí mi. Ẹ má bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti sọ fún yín bí mo ṣe ń sáré.

Wọ́n gbé mi sórí èjìká, wọ́n ń pariwo Mallam, Mallam. Nígbà tí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, mo wá Dákẹ́dákẹ́ lọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi aṣọ nu ojú. Mo rọra fi Yorùbá bi í, torí ó ń yún mi: "Kí ló ṣe ẹ́ tó o fi tàsé?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mo gbójú sókè, ẹ̀yìn orí nìkan ni mo rí. Ẹnikẹ́ni ò bú mi, ẹnikẹ́ni ò wò mí. Mi ò tíì jù ú báyìí rí. Ó wá ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Irọ́ ni mo pa fún wọn. Mo ní ojú ni oògùn ẹ ń jẹ."

Ó tẹjú mọ́ mi, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí lórí pápá. "Irọ́ kọ́ nìyẹn o."

Mo na àyà. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé ọmọ áfáà ni mí ni: bí mo bá purọ́ pàápàá, òótọ́ ló ń dà.