Àwọn Eṣinṣin Funfun Ara Òdòdó Ìyá

Àṣìṣe kékeré ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ ṣe: ó rí kòkòrò, ó pè é ní òwú. Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń ránṣọ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí èérún òwú ń bà lé irun rẹ̀, lé ìpéǹpéjú rẹ̀, lé búrẹ́dì tó fẹ́ fi panu, kò sí ohun funfun kékeré tí yóò rí tí kò ní kà mọ́ òwú. Nígbà tó rí funfun wínníwínní lára òdòdó tó wà létí fèrèsé, búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń gbọn kóòtù ló mú, ó fi gbọn ewé náà, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Òwú tí a bá gbọn kì í padà síbi tó ti kúrò. Èyí ń padà. Ó yẹ kó kíyè sí i. Kò kíyè sí i.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àwọn kan ní iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n wọn ò rò ó dáadáa: bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ni, gbogbo aránṣọ òpópónà yẹn ni à bá máa pè ní Abẹ́rẹ́. Yàrá iwájú ilé ló sọ di ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ, áyọ́ọ̀nù, dígí gígùn kan, àti fèrèsé ńlá tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé.

Òdòdó náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló gbìn ín. Nígbà tí ìyá kú, wọ́n ta ilé, wọ́n pín aṣọ, àwọn ìkòkò òdòdó yòókù gbẹ. Èyí nìkan ló kù, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí ní ìlú mìíràn, ó gbé e wá.

“Abẹ́rẹ́, mo mọ̀ ẹ́ o. O lè ránṣọ fún ọba, ṣùgbọ́n koríko gan-an ò lè yè lọ́wọ́ ẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni?”

“Ọmọ ọwọ́ sàn jù ú lọ. Tébi bá ń pọmọ, á ké. Èyí ò ní sọ nǹkan kan, á kàn kú ni. Gbogbo ohun tó kù nínú màmá wa nìyẹn.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni oníbàárà kan, nọ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ dùn sí aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, gbé òdòdó kékeré kan fún un lẹ́bùn. Abẹ́rẹ́ gbé e ti òdòdó ìyá, kí wọ́n lè jọ máa ṣeré. Ara òdòdó nọ́ọ̀sì yìí làwọn kòkòrò náà ti wá. A kì í gbé àlejò tí a kò mọ̀ rí wọ yàrá ọmọ. Ó yẹ kí ìkòkò tuntun dá wà lọ́tọ̀ ná, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ Abẹ́rẹ́ sọ lẹ́yìn náà pé ìdọ̀tí ló ń fa kòkòrò. Irọ́ ni. Yàrá yẹn mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ tí ojú Abẹ́rẹ́ là, aṣọ fèrèsé ló fẹ́ fà tí apá rẹ̀ fi kan ewé. Òwú bá gbéra nílẹ̀! Gbogbo rẹ̀ fò sókè bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, ó yí i lójú po, ó sì tún padà wá bà. Ó yí ewé kan dà. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: abẹ́ ewé ni gbogbo wọn kóra jọ sí, àwọn eṣinṣin funfun tó ti níyẹ̀ẹ́ àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ewé, tí wọ́n ń mu oje rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n, ó ń já bọ́, omi kan sì ń lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé bí oyin.

“Gbé e síta,” ni ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, wí. “Ewé lásán ni. A ó ra òmíràn.”

“Dádì, ẹ bá mi ra ìyá mìíràn bọ̀ nígbà náà.”

Ọkọ tún tẹrí mọ́ aago rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n pè lórí fóònù. Iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, òun ń bọ̀ nílé. “Màmá ńkọ́?” “Màmá wà dáadáa,” ni Abẹ́rẹ́ dáhùn, ó sì ń wo ewé mìíràn tó ń bọ́ sílẹ̀.

Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu abẹ́ gbogbo ewé, ó sì sinmi. Kò yẹ kó sinmi. Ẹyin tó ṣẹ́ kù pa, eṣinṣin sì tún kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Aṣọ ló padà là á lọ́yẹ. Ó ń rán búláòsì yẹ́lò kan lọ́wọ́, ó sì rí i pé àwọn eṣinṣin náà ń fi òdòdó sílẹ̀ wá bà lé e. Wọn ò sì wo aṣọ aró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ dìde. Ó gé àjákù yẹ́lò, ó fi òrùka igi tó fi ń kó ọnà sáṣọ fà á le, ó fi ọ̀rá ìpara kùn ún bámúbámú, ó sì fi okùn so ó kọ́ sókè òdòdó.

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wò ó o! Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ fún eṣinṣin!”

“Aṣọ ìsìnkú wọn ni, Dádì. Mi ò sì ní gbowó iṣẹ́.”

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ yẹ́lò ti di funfun. Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọkọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fò nìkan ni aṣọ lè mú; àwọn ọmọ ò níyẹ̀ẹ́. Fún ìyẹn, ọwọ́ ló kù. Abẹ́rẹ́ gbé òdòdó nọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gé àwọn ewé tó bàjẹ́ jù, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó sì dà wọ́n nù. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù ò tíì jẹ́ kí eṣinṣin lè fò, á fi omi ọṣẹ nu abẹ́ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni o, nítorí èyí tó bá ki ń jó ewé. Ó ti kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo. Bó bá ṣe é lónìí, á fò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á tún ṣe é. Ẹni tó lè fọwọ́ rán etí aṣọ ìyàwó yí ká, ta ni yóò kọ́ ọ ní sùúrù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ wá dúró tì í, ó ki awò tó fi ń wo inú aago bọ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ewé.

“O ò ríran. Ẹyin rèé. Níbí náà tún rèé.”

“Ẹ kúrò ńbẹ̀ jàre. Mo ti fọ ibẹ̀ yẹn.”

“Tún un fọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ó di alábòójútó, ó sì le ju ọ̀gá iléèwé lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: aṣọ yẹ́lò tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ kalẹ̀, ewé dẹ́kun bíbọ́, ọ̀mùnú tútù yọ lórí igi.

Ní ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi òdòdó náà. Nǹkan kan ò fò. Ó tún un gbá. Nǹkan kan ò fò. Ọkọ fi awò rẹ̀ wo abẹ́ ewé láti òkè délẹ̀, ó yọ awò kúrò lójú, ó ní, “Kò sí.” Abẹ́rẹ́ pariwo débi pé oníbàárà tó ń wọ aṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá kejì sáré jáde, apá kan nínú aṣọ, apá kan níta. Ijó ló bá Abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, téèpù lọ́rùn, ọkọ ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, òdòdó pupa méjì ti là lórí igi náà. Ó wò ó títí.

“Kí ló dé tó rù báyìí?”

“Àìsàn ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Eṣinṣin funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lórí ibùsùn.”

“Ta ló wò ó sàn?”

“Èmi yìí náà ni!”

Ọkọ wúkọ́.

“Èmi àti Dádì.”

Ẹ̀gbọ́n yí ewé kan dà bí ẹni ń wo ẹ̀yìn etí ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. “Wọ́n là mí, ìwọ náà tọ́jú màmá. Èmi àti màmá la jọ rù, a ò sì kú. Ṣùgbọ́n ìbàdí mi ò ṣeé tẹ̀ mọ́, Abẹ́rẹ́. Ta ni yóò máa wo abẹ́ ewé bí mo bá gbé e lọ?”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ilé ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Òdòdó padà síbẹ̀, Abẹ́rẹ́ sì gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ó lè máa wo abẹ́ ewé. Nígbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, yàrá òkè nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń ránṣọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó sì ń padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.