Bí A Ṣe Tẹ̀lé Bàbá Lọ Wo Omi Tó Ń Já

Màmá ló ní kí á lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà ní Alajo ní Ghana, ó sì ti ń ta aṣọ ní ọjà Odawna kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì, ibi méjì tó mọ̀ nìyẹn. Oníbàárà kan fún un ní kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Oṣù yẹn parí, Màmá ò ṣí ojú ìwé yẹn kọjá. Ó ní kí n mú òun débẹ̀ kí òun tó kú. Ó ká mi lára, nítorí Màmá kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wádìí. Wọ́n ní ọ̀nà inú igbó tó lọ síbi omi náà rọrùn, tọmọdé tàgbà ló ń rìn ín, kò ju wákàtí kan lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Bàbá ń bọ̀.

Bàbá, ọkọ Màmá, gbọ́ pé a fẹ́ jáde, ó ní ta ló máa ṣáájú wa. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń ké tipẹ́, síbẹ̀ ó gbé agbádá funfun wọ igbó, àfi bí ẹni pé àwọn ọ̀bọ ló ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé. Nílé wa, iwájú ni àgbà ń rìn. Dán an wò kó o ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ á ti dé àdúgbò Kotobabi kí ilẹ̀ tó ṣú. A bá tò sẹ́yìn rẹ̀: Màmá, àbúrò mi ọkùnrin, àti èmi. Afinimọ̀nà pàápàá, ẹni tí a gbà pé kó ṣáájú, Bàbá ní kó bọ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nana, ẹ̀yin Alata yìí!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ta ló máa sọ fún un pé ó ti rẹ̀ ẹ́? Èmi ọlọ́gbọ́n, mo di ìbàdí mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

Kíá, ó ti jókòó sórí igi tó wó. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. "Ẹ wo ọmọ òde òní! Ọ̀lẹ pọ́ńbélé!" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó mí dáadáa tán, ó dìde, a tún tẹ̀lé e.

Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Ó kan àbúrò mi, ó ní àyà ń dun òun. Bàbá jókòó, ó ní sìgá ló fà á. Àbúrò mi ò mu sìgá rí láyé! Ó tún kàn mí, mo ní bàtà ń bó mi. Nígbà tó yá, afinimọ̀nà náà lóye, ó ní òkúta wọ òun ní bàtà. Bàbá mirí, ó ní àwọn ará Ghana ò lókun. Bẹ́ẹ̀, Alajo ni wọ́n bí òun náà sí.

Aboyún kọjá lára wa. Àwọn ọmọ iléèwé kọjá, wọ́n lọ rí omi, wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n tún kí wa. Màmá ń fi èdè Twi bi wọ́n bóyá omi náà pọ̀, bóyá ó tutù, ojú rẹ̀ ń dán. Òun nìkan ni kò tíì ṣe bí ẹni tó rẹ̀. Ẹni tó ń dúró láàárọ̀ dalẹ́ l'Odawna, kí ni ìrìn wákàtí kan?

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo omi. Afinimọ̀nà wo aago, ó ní wọn ò ní í pẹ́ ti géètì igbó náà, ṣùgbọ́n bí a bá ti gun òkè kékeré iwájú yẹn, a ti dé. Bàbá wo òkè náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fara ti ọ̀pá rẹ̀. A ti lo gbogbo àìsàn tán.

Mo sọ sí Màmá létí pé, "Ẹ jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin sáré lọ. Àbúrò mi á dúró ti Bàbá."

Ó wo ọ̀nà. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orúnkún mú. "Ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ mi! Mi ò lè lọ mọ́."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Obìnrin ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká padà." Inú ń bí mi títí a fi délé.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àlejò tí Bàbá ò sọ fún pé ẹsẹ̀ ìyàwó òun ni kò jẹ́ kí òun rí omi. Màmá á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń dùn mí, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ pa irú irọ́ yẹn.

Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ l'Odawna. Mo ní kí àwa méjì yọ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé, a ó ti padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn.

"Ó wù mí o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹsẹ̀ mi rìn débẹ̀, ẹsẹ̀ ta ni màá wá sọ pé ó dá wa padà lọ́jọ́sí?"