Aṣọ Ìbora Tí Ìyá Mi Ń Rán Nígbà Tí À Ń Kọ́lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé, inú yàrá kan ṣoṣo ni bàbá mi, ìyá mi, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì ń gbé, nínú agbo ilé ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́lé kiri Ìbàdàn, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò tíì ní ilé tirẹ̀. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó rí ilẹ̀ kan gbà ní apá Bẹ́yẹrúnká, ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni ó ń ráyè ti ara rẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló gba gbogbo ọjọ́ yòókù.

Ìyá mi ní tirẹ̀ ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ní Bẹẹrẹ. Àwọn télọ̀ ni oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì máa ń kó ègé aṣọ tó bá ṣẹ́kù fún un: ànkárá, àdìrẹ, àrán, òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyàwó tíṣà ìjọ kan tó ti gbé nítòsí wa rí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé wọn ní igun mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora. Ìyá mi kì í tà á. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó tì í, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ rọ̀. "Ìsinmi tèmi nìyí," ló máa ń sọ fún mi.

Àyè rẹ̀ gan-an ni kò sí. Ní Sọ́ńdè, òun ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀. Ní Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, àwọn ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Nígbà náà, àlejò kì í ránṣẹ́ kó tó wá. Bí o bá ti gbọ́ "Ẹ kú ilé o," ìkòkò ti gbọ́dọ̀ gorí iná. Lọ́sẹ̀ méjì méjì sì ni ìyá mi ń wọ ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà lọ kí ìyá rẹ̀ ní abúlé, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ìgbà tí gbogbo èyí bá gbà á láyè díẹ̀ ló ń fa abẹ́rẹ́ yọ. Bí àlejò bá sì dé bá a lẹ́nu rẹ̀, kíá, abẹ́ ibùsùn ni aṣọ náà ń wọ̀, nítorí ojú ń tì í.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ká a mọ́ ọn. Ó wo ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé àkísà lo fẹ́ fi bo ilé tí àbúrò mi ń kọ́ ni?"

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ká aṣọ náà sábẹ́ ibùsùn.

Ìyá mi ti ṣèlérí aṣọ yẹn fún ìyá àgbà, ìyá rẹ̀ tó wà lábúlé, ẹni tó máa ń sọ pé òtútù ìdájí ọyẹ́ ń wọ òun dé eegun. Àmọ́ bí òjò ọdún náà ṣe ń lọ sópin, ògiri wa ti ga dé òkè fèrèsé, bàbá mi sì fẹ́ kó parí kí ó lè fi páànù bò ó. Ó bẹ ìyá mi pé kó dáwọ́ ìrìn abúlé dúró ná.

"Yóò yé ìyá rẹ," ló wí. "Torí wa náà la ṣe ń ṣe é."

Ìyá mi gbà. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì wọlé. Aṣọ wà lábẹ́ ibùsùn, ìyá àgbà wà lábúlé.

Sọ́ńdè kan báyìí, a wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìbátan ìyá mi kan gun kẹ̀kẹ́ dé láti abúlé. Ó ní ìyá àgbà ti ṣubú lọ́nà odò, ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí kò lè dìde.

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá sọ?" bàbá mi bi í.

"Màmá ló ní ká má wá. Wọ́n ní ká má dí yín lọ́wọ́ ilé."

Ìyá mi rọra sọ ìkòkò omi kalẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Òjò ti ń ṣú. Ògiri tí wọ́n mọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì tutù, wọn ò sì tíì bò ó. Ṣùgbọ́n abúlé jìnnà sí títì, gbígbé ni wọn yóò gbé aláìsàn, bàbá mi sì nílò àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wá ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹní bo ògiri.

"Àsìkò ò sí," bàbá mi dáhùn. "Ògiri tó bá wó, a ó tún un mọ. Ìyá ni kò ṣeé tún mọ."

Wọ́n gbé ìyá àgbà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò náà kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, èmi ni mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ wò ó. Odindi apá kan ti wó lulẹ̀. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ ti amọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì padà. Ìyá mi bi í pé báwo ni ilé. Ó ní, "Ilé wà níbẹ̀."

Wọ́n bá ìyá àgbà to eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́, ó sì wà lórí ẹní nínú yàrá wa kan náà. Ojoojúmọ́ ni èrò ń wá kí i. Òun ló ní kí ìyá mi mú aṣọ náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìyá mi ń wojú ilẹ̀, àmọ́ ó mú un jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ìyá àgbà na igun kan rẹ̀ sí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ibí yìí mú kó má ká." Ó dì í mú. Kò pẹ́ tó fi tọrọ abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ìránṣọ tirẹ̀ kò gún rárá, ìyá mi sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin tó bá wá kí wa á jókòó, á máa rán, á máa sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn mú ègé aṣọ wá láti ilé: etí agbádá ọkọ tó ti kú, ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ. Ìyá àgbà ń bèèrè ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí àwọn ọkọ wọn bá wá mú wọn lọ sílé, bàbá mi á dá ọjọ́ iṣẹ́ ilé fún àwọn ọkọ náà. Àwọn ni wọ́n bá a tún ògiri mọ. Aṣọ náà parí kí ọyẹ́ tó dé. Ilé parí lẹ́yìn ọyẹ́, ìyá àgbà sì fi ọ̀pá rìn wọ yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ parí níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀ kó tó dágbére fáyé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé tí ẹ̀ ń kọ́ lónìí dára ju ti bàbá mi lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá kí mi báyìí, á kọ́kọ́ pè lórí fóònù bóyá mo ráyè, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kì í lọ ibì kankan. N kò bínú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà sì jìn. Ṣùgbọ́n oṣù méjì péré ni ìyá mi fi dúró kí iṣẹ́ tán kó tó lọ wo ìyá rẹ̀, kò sì yéé fi bá ara rẹ̀ wí títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Lóde òní, ẹni tó bá rí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì, ọmọ dáadáa là ń pè é.