Ọwọ́ Tó Wọ Kòkò Òtútù

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dáná sun ọkùnrin kan láàyè lọ́nà Mando ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní lábù ń ta ẹran ara ọmọdé. Ọkùnrin tí wọ́n sun yẹn kò jí ọmọ kankan gbé. Súìtì ló fún ọmọ kan, ọmọ náà bú sẹ́kún, ẹnì kan pariwo. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Mo wa mọ́tò kọjá níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn wáyà inú táyà ṣì wà nílẹ̀, ọ̀dà ojú títì ti yọ́, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fo ibẹ̀ bí ẹni ń fo ọ̀gbàrà.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà nígbà náà ni, ọyẹ́ sì mú gan-an ní Kàdúná. Mo ti kàwé dé láti òkè òkun, mo ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Malali, nínú ilé tí ìjọba fún bàbá mi. Apá Kàbà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ, màmá mi kì í sì í yé fi ìyẹn bú mi.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń kó ẹran ara èèyàn pamọ́ níbi iṣẹ́ yín?" màmá mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a ń jẹun.

"Mọ́mì, kókó tó wú lára aláìsàn ni dókítà máa ń gé díẹ̀ fún wa. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ."

"Ẹran ara kọ́ nìyẹn?"

Bàbá mi ní kí màmá mi jẹ́ kí n jẹun.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni ara wa fi di ara, àwọn ẹyọ tó kéré débi pé ojú lásán kò rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá kì í ṣàdédé pín sí méjì. Àṣẹ ló máa ń gbà láti òde. Àṣẹ náà á kan ara rẹ̀, ohun tó gbà á níbẹ̀ á fà á lé òmíràn lọ́wọ́ nínú, ìyẹn náà á fà á lé òmíràn, títí yóò fi dé àárín gbùngbùn, sẹ́ẹ̀lì á wá pín. Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀. Ó ń pín ṣáá, bí ẹni pé wọn kò dákẹ́ pípàṣẹ fún un. Mo fẹ́ mọ ibi tí àṣẹ yẹn ti ń wá.

Jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọdé lágbọ̀n ni mo ń lò. Ó máa ń yára débi pé ojú á rí i tó ń wú láti àná sí òní. Ọmọkùnrin kan wà ní ọsibítù tí tirẹ̀ ti ti ojú òsì rẹ̀ jáde, tí eyín rẹ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀kọ tí wọ́n ń fún un mu. Awakọ̀ tírélà ni bàbá rẹ̀, ó ti kó ẹrù lọ sí Maiduguri. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo jókòó tì í, mo fi Hausa sọ ohun tí mo fẹ́ gbà àti ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún un.

"Yóò wo ọmọ mi sàn?" ó bi mí.

"Rárá. Bóyá ọmọ ẹlòmíràn, lọ́jọ́ iwájú."

Ó wo ọmọ náà pẹ́. "Ẹ mú un," ó wí.

Ọmọ náà kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú. Nínú àwọn ìgò lábù, wọ́n ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù tó wà lọ́wọ́ wa nílò oúnjẹ tó ní àṣẹ nínú kí wọ́n tó pín, ṣùgbọ́n bí mo tilẹ̀ yọ àṣẹ yẹn kúrò nínú oúnjẹ tirẹ̀, wọn kò dúró. Inú mi dùn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gidigidi. Mo kó díẹ̀ nínú wọn sínú àwọn túùbù kéékèèké, mo fi wọ́n pamọ́ sínú kòkò òtútù wa, kòkò irin ńlá kan tí omi inú rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, tó ń rú bí omi tó ń hó.

Àwọn tó gbọ́ àhesọ náà ya dé lábù ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà àwọn awakọ̀ ni, nítorí ojú títì kò jìnnà sí wa. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn máígàdí wa: "Madam, ki gudu! Ki gudu!" Kí n sá lọ, ló ń wí. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi lù ú lójú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́ níbẹ̀, kò sì fi í ríran mọ́ títí ó fi kú.

Ilẹ̀kùn lábù kò pẹ́. Àwọn ọkùnrin ya wọlé pẹ̀lú igi àti àdá, wọ́n ń gbá àwọn ìgò mọ́lẹ̀. Àfọ́kù dígí ń ta sí mi lára. Ẹnì kan fa irun mi, ó fi orí mi gbá tábìlì, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Láàárín ariwo náà, ọkùnrin kan dúró síwájú mi. Aṣọ rẹ̀ ṣì kún fún eruku ọ̀nà.

"Ina naman ɗana?" ó wí. Ẹran ara ọmọ mi dà?

Ó gbé igi sókè. Ìyàwó rẹ̀, ìyá ọmọ tó kú náà, já wọlé láàárín àwọn èèyàn, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí ọrùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ni na ba ta!" Èmi ni mo fún un, ló ń wí. "Èmi ni! O kò sí nílé, èmi ni mo fún un!"

Ọkọ náà yíjú sí i. N kò tíì rí ojú èèyàn tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Igi tó gbé sókè nítorí mi ló fi lu ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, ó tún lù ú léjìká, obìnrin náà ṣubú sórí àfọ́kù dígí. Nígbà tó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, orí ló ń wò. N kò ronú. Mo na apá òsì mi. Mo gbọ́ ìró egungun apá mi tó ṣẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n lára.

Ó ju igi nù. Ó ti rí kòkò òtútù ní igun yàrá.

"Má fọwọ́ kàn án!" mo pariwo. "Yóò jó ọ!"

Ó ṣí i, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó di irin tí àwọn túùbù wà lára rẹ̀ mú. Irin náà kò fi í sílẹ̀ mọ́. Igbe tó ké kì í ṣe igbe èèyàn. Ó fa ọwọ́ jáde, irin náà sì tẹ̀ lé e, ó lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀, ọwọ́ funfun bí ẹfun, èéfín ń jáde lára rẹ̀.

"Mayya!" ẹnì kan kígbe. Àjẹ́! Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku àwa mẹ́ta. Mo ní kí ìyàwó bu omi gbígbóná láti inú kẹ́tùrù tí a fi ń po tíì, kó fi omi tútù lú u kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́. Obìnrin náà dìde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rò pé a fẹ́ sè é ni, ó ń tàpá.

"Dì í mú," mo wí.

Ó dì í mú. Mo fi apá mi kan tó ṣẹ́ kù da omi lé e títí irin fi tú, pẹ̀lú awọ díẹ̀. Mo dá irin náà padà sínú kòkò, mo dé e.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn sójà bá wa. Wọn kò béèrè ọ̀rọ̀. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá ọkùnrin náà lẹ́nu, wọ́n sì fi bàtà tẹ ọwọ́ rẹ̀ tó jóná.

"Madam, na this one break your hand?" ọ̀kan bi mí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo wí. "I beg, e don do." Sójà náà rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ ọwọ́ náà. Wọ́n wọ́ ọ jáde. Ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà.

Àwọn sójà tú ọkùnrin náà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ní ọsibítù, dókítà gé ìka mẹ́rin kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá mi jinná ní wíwọ́. Màmá mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ nípa lábù, ó kàn ń bá mi di irun mi láràárọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà wá sí lábù. Ó bi mí bóyá ohunkóhun ṣẹ́ kù lára ọmọ òun. Mo ní ó ṣẹ́ kù, ohun tó wà nínú kòkò. Ó béèrè ohun tó pa ọmọ náà gan-an. Mo sọ fún un nípa àṣẹ àti sẹ́ẹ̀lì.

"Ta ló ń pàṣẹ fún un?" ó wí.

"Kò sẹ́ni. Ohun tó yẹ kó dúró de àṣẹ nínú rẹ̀ ló bàjẹ́. Òun ló ń pàṣẹ fún ara rẹ̀."

"Bàbá ọmọ mi fẹ́ sin ohun tó ṣẹ́ kù yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà," ó wí.

Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni mo fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí a kò rí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Kàdúná. Mo bá wọn lọ sí itẹ́ òkú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì gbẹ́ ihò kékeré lẹ́bàá sàréè ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó gba túùbù tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà nínú rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé ó ti kú báyìí?" ó bi mí.

"Ó ti kú," mo wí. "Omi gbígbóná ni mo fi pa á láàárọ̀ yìí."

Ó mi orí. Ó gbé e sínú ihò, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó.