Kòtò Yangí Tí A Ní Kí Wọ́n Má Dí

Títí di òní, tí mo bá rántí bí ọ̀gá àwọn tó ń wa yangí ṣe rẹ́rìn-ín sí mi, àyà mi á já. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Mèsí bókù, títíṣà.” Ìgbà wo ni ẹni tó gbẹ́lẹ̀ yín dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí? Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Àmọ́ inú mi ń dùn, mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Orí ilẹ̀ ìyá mi ni wọ́n ti wa yangí náà, ní abúlé wa lẹ́yìn Kétu, láti fi ṣe ọ̀nà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, wọ́n kó o jọ gègèrè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin kan a sì máa wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó irú kòtò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dé akoto, ó máa ń fa okùn ìwọ̀n, ó máa ń kọ nǹkan sínú ìwé. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, Faransé nìkan ló ń sọ, nítorí náà èmi tí mo ń kọ́ ọmọ níwèé ní Kétu ni kọmítè abúlé fi ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé tí iṣẹ́ bá parí, àwọn tó gbẹ́ kòtò ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Wọ́n á gé etí rẹ̀ kó lè dagẹ̀rẹ́, wọ́n á da ilẹ̀ dúdú padà, wọ́n á gbin igi, kí ìyá mi lè tún rí oko dá. Gbogbo wa ló dúpẹ́.

Àṣé òjò kò bá wa ṣe àdéhùn kankan. Kí katapílà tó padà wá, òjò ti rọ̀ kún kòtò dé ìdajì, omi náà kò sì gbẹ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹni tí kì í ṣe ará òkè wa yìí kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kànga wa jìn débi pé okùn rẹ̀ ti bó àtẹ́lẹwọ́ gbogbo obìnrin abúlé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí a fi fọ ìrẹsì la fi ń fọ àwo, la sì ń gbé fún ewúrẹ́ mu lẹ́yìn náà. Lójijì, omi wà! Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ṣe ebè tòmátì sí etí kòtò gan-an, ó ń fi okùn fa bokíti omi sókè láti bomi rin ín. Ó já àkọ́so rẹ̀, ó gbé e sí mi lọ́wọ́, ó ní, “Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò jẹ tòmátì tútù nígbà ọyẹ́ rí.”

Nígbà tí obìnrin ìjọba wá sọ pé katapílà ń bọ̀ wá dí kòtò, ńṣe ni orí mi gbóná. Mo dìde ní ìpàdé, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní tí a bá fẹ́ omi, ó dáa, kí omi wà, àmọ́ kí a jẹ́ kí wọ́n gé etí rẹ̀, torí ògiri tó dúró ṣánṣán báyẹn, omi ń jẹ ẹ́ lábẹ́. Gígé e á sì gba orí ebè ìyá mi kọjá. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ilé, àmọ́ mo fi ohùn yẹ̀yẹ́ túmọ̀ rẹ̀, mo ń sín in jẹ bó ṣe ń ti akoto rẹ̀ sókè. Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni mo ṣe kọ lẹ́tà ní Faransé aládùn pé kí wọ́n fi kòtò náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ìyá mi tẹ̀ka, olórí abúlé tẹ̀ka, mo gbé e fún ọ̀gá oníyangí. Ọjọ́ yẹn ló bọ̀ mí lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ wọn wá kó gbogbo ilẹ̀ dúdú yẹn lọ síbi tí a kò mọ̀. Ẹnu yà mí díẹ̀, mo gbé e kúrò lọ́kàn.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà tún dé. Ó ní òun kàn fẹ́ wo etí kòtò ni. Mo mú un lọ, mo ń fi tòmátì yangàn fún un lójú ọ̀nà. Ìyá mi wà níwájú wa níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa bokíti. Mo ń wò ó kòrókòró. Ilẹ̀ tó dúró lé kò dún, kò mì. Ó kàn lọ ni. Ebè lọ, bokíti lọ, ìyá mi lọ, mo sì ń rí òdìkejì kòtò níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ẹnu mi là, ohùn kò jáde. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́! Obìnrin ìjọba ló figbe ta. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi tún gbé, tí mo fẹ́ sáré dé etí ibẹ̀, òun ló rọ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ó ń pariwo ní Faransé pé ibẹ̀ náà á ya. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń wú pákí nítòsí gbọ́ igbe, wọ́n sáré mú okùn wá. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti apá ibi tí mọ́tò ń gbà wọnú kòtò nígbà kan, ó lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó so okùn mọ́ ọn lábẹ́ apá. Mi ò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mò ń ka ìka ọwọ́ mi, mò ń kà á léraléra bí ọmọdé.

Wọ́n fà á jáde láàyè. Ẹrẹ̀ pupa ti bò ó látòkè délẹ̀, ó ń pọ omi, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń fì dirodiro. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo gbójú sókè, mo sọ fún obìnrin náà pé kó lọ mú àwọn oníyangí yẹn wá, kí wọ́n wá dí kòtò wọn lónìí, kí ó tó pa ẹnì kan.

Kò bá mi jà. Ó yọ ìwé kan nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí mi. Lẹ́tà mi ni, tí ọ̀gá oníyangí ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Ìka rẹ̀ wà lórí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn: abúlé wa tú ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ tó kù lórí ilẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n kọ ìyẹn. Èmi ni mo fi kún un, torí pé ó dùn létí. Ó rọra sọ fún mi pé pẹ̀lú ìwé yìí, kò sí bí òun ṣe lè fi dandan mú wọn padà wá, àti pé ilẹ̀ tí wọn ìbá fi dí i pàápàá ti lọ.

Ìyá mi la ojú. Ó wo obìnrin náà, ó wò mí. “Kí ni Màdáàmù ń wí?”

Mo wá Yorùbá tí mo máa fi sọ ọ́, n kò rí i.

“Wọ́n ń kí yín kú ewu ni.”

Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè sí obìnrin náà. “Ẹ ṣé o, Màdáàmù,” ó ní. “Ewu iná kì í pa àwòdì.”

Obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ìyá mi sọ. Mo fi etí aṣọ mi nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ìyá mi.