Orúkọ Uncle Fẹ́mi ló ń gbé server wa ró

Mo pa orúkọ olóògbé rẹ́ lónìí, iṣẹ́ sì dúró nílé ìwòsàn.

Uncle Fẹ́mi, ọ̀gá mi tó ṣaláìsí lóṣù tó kọjá, ló ṣètò server Java táwọn nọ́ọ̀sì wa fi ń wo àkọsílẹ̀ oògùn aláìsàn. Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, òun ni server fi ń wọlé síbi tí àkọsílẹ̀ oògùn wà. Mi ò mọ̀.

Wọ́n ní kí n yọ orúkọ àwọn tí kò sí níbi iṣẹ́ mọ́, mo yọ tiwọn, mo tún server tàn. Kò dìde.

Nọ́ọ̀sì kan pè láti ẹ̀ka wa ní Stone Mountain: "Bọ̀dá, a ò rí oògùn ẹnikẹ́ni mọ́ o! Kí lẹ fọwọ́ kàn?"

Mo dá orúkọ náà padà. Ó dìde, ó sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà mi pé: Fẹ́mi ti wọlé.

Tósìn, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó jókòó tì mí ní, "Ẹ bá mi kí wọn o." 

Lọ́la ni mo gbọ́dọ̀ fi orúkọ mìíràn rọ́pò tiwọn. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ọwọ́ yín máa gbà á?